Ṣé Lóòótọ́ Ni À Ń Tẹ Fóònù?

Kò sí ilé tí wọn kì í ti í sọ ọ́: "Fi fóònù yẹn sílẹ̀, láti àárọ̀ lo ti ń tẹ̀ ẹ́!" Ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́ wa lẹ́nu láti ìgbà tí fóònù ṣì ní bọ́tìnnì, tí èèyàn máa ń tẹ nọ́ńbà 7 lẹ́ẹ̀mẹrin kí lẹ́tà S tó yọjú. Bọ́tìnnì ti lọ, ọ̀rọ̀ kò bá a lọ. Àwọn ọmọ tí wọn kò fojú kan fóònù oníbọ́tìnnì rí pàápàá, "mò ń tẹ fóònù" ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fóònù tó wà lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wa lónìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ títẹ̀. Fi ìka kàn án wẹ́rẹ́ bí ẹni fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, yóò dáhùn. Fi gbogbo agbára rẹ tì í, ìdáhùn kan náà ni. Ó mọ ibi tí ìka wà, kò mọ bí ìka náà ṣe wúwo tó.

Nínú èdè wa, fífọwọ́ kan nǹkan yàtọ̀ sí títẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra píà lọ́jà, fífọwọ́ kàn án kò tó o. Á rọra tẹ̀ ẹ́ wò kó lè mọ̀ bóyá ó ti rọ̀. Onígángan tó há ìlù mọ́ abíyá náà mọ̀ pé bí apá bá ṣe fún ọsán tó ni ohùn ṣe ń ròkè tó. Kọ̀ǹgọ́ kan náà ló fi ń lù ú, ojú awọ kan náà ni, síbẹ̀ agbára apá ló ń sọ ohùn kan di òkè, tó ń sọ òmíràn di ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń lu gángan láì fún ọsán, ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa gbọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wá irú ọsán bẹ́ẹ̀ fún ojú kọ̀ǹpútà àti ojú fóònù. Wọ́n rí i, wọ́n tà á fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, wọ́n sì tún kó o kúrò. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé sákíìtì kọ́ ló jẹ̀bi.

Ojú ìtẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, títẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Samuel Hurst, olùkọ́ ní Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, ló wà nídìí rẹ̀. Ní 1971 ló dá ilé iṣẹ́ Elographics sílẹ̀ ní ìlú Oak Ridge. Awẹ́ méjì ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ní: ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, gíláàsì nísàlẹ̀, àlàfo bíńtín láàrin wọn. Wọ́n fi indium tin oxide kun inú àwọn méjèèjì, àdàlù indium àti tánńganran tí iná ń gbà kọjá, tí ojú sì ń rí òdìkejì rẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ ike náà, á wọlé lọ bá gíláàsì, iná á sì ti ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ká ní sákíìtì fi fóltì 5 sí etí òsì, tó fi òdo sí etí ọ̀tún, agbára iná á máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Tí ibi tí awẹ́ méjèèjì ti pàdé bá fi fóltì 2.5 hàn, àárín gbùngbùn ni ìka wà. Lẹ́yìn náà ni sákíìtì á yí padà, á fi iná sí òkè àti ìsàlẹ̀, á tún kà á. Irú ojú yìí ló wà lára Palm Pilot ní 1996, òun náà ló sì wà lára Nintendo DS ní 2004. Èékánná ni o, igi ni o, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè ti ike wọlé, ó gbà á.

Irú ojú yìí tilẹ̀ lè mọ títẹ̀ líle yàtọ̀ sí fẹ́ẹ́rẹ́ dé ìwọ̀n kan. Bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí awẹ́ méjèèjì ti fara kanra ń fẹ̀ sí i, ìdènà tí iná ń bá pàdé níbẹ̀ á sì máa dínkù. Sákíìtì tó bá fẹ́ lè ka ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kà kì í dúró lójú kan, ike náà a sì máa gbó. Ibi tí a ń tẹ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ kú.

Èkejì rẹ̀, tó ṣáájú rẹ̀ dáyé ní ti gidi, kò fẹ́ títẹ̀ rárá. Ní 1965, E. A. Johnson, ní ibùdó ìwádìí rédà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Malvern, kọ̀wé nípa gíláàsì tó ń mọ̀ bí ìka bá kàn án. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ló rò ó fún. Ara èèyàn a máa gbé iná. Tí ìka bá sún mọ́ wáyà tó ní iná díẹ̀ lára, á fa díẹ̀ nínú rẹ̀, sákíìtì á sì rí i pé nǹkan ti yí padà. iPhone tó jáde ní 2007 ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ire tó mú wá kò kéré: gíláàsì líle tí kì í tètè ní àpá, ìka méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìfọwọ́kàn tó fúyẹ́. Títẹ̀ ni ohun tó gbà lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn bàbá àgbẹ̀ kan nídìí POS. Ẹ̀rọ náà kò ní bọ́tìnnì, gíláàsì ni gbogbo ojú rẹ̀. Bàbá na ìka ìfábẹ̀lá sí nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kò dáhùn. Ọwọ́ tó ti ń di ọkọ́ mú láti kékeré ti yi, awọ orí ìka náà ti nípọn ó sì ti gbẹ, iná kò rí ọ̀nà gbà dáadáa. Bàbá tún un ṣe, ó fi agbára kún un. Ọmọbìnrin tó ni POS ní, "Bàbá, ẹ má tì í tó bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fọwọ́ kàn án." Bàbá ní, "Ọmọ mi, mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́!" Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹ̀rọ ni kò ní ohun tó lè fi mọ̀ ọ́n.

Kí ni ì bá ní? Èyí tó dàgbà jù nínú ohun tó lè ṣe é ni strain gauge. Lord Kelvin ti kíyè sí i ní 1856 pé tí a bá na wáyà, iná kì í rọrùn gbà á kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí wáyà náà á gùn sí i, á sì tín-ín-rín sí i. Ní 1938, Edward Simmons ní Caltech àti Arthur Ruge ní MIT, tí ẹnì kìíní kò bá ẹnì kejì ṣe é, lẹ irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́ ara nǹkan kí wọ́n lè mọ bí nǹkan náà ṣe ń tẹ̀. Ẹ sì wò ó, èdè wa ti so ó pọ̀ tipẹ́: ohun tí a bá tẹ̀ ni yóò tẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ náà kéré kọjá ààlà. Tí wáyà bá gùn sí i ní ìdá kan nínú 10,000, ìdènà rẹ̀ á pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá méjì péré nínú 10,000.

Ibẹ̀ ni afárá Wheatstone ti wúlò. Samuel Hunter Christie ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1833, Charles Wheatstone jẹ́ káyé mọ̀ ọ́n ní 1843, orúkọ Wheatstone ló sì mọ́ ọn lára. Rẹsísítọ̀ mẹ́rin ni, méjì lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo wọn bá dọ́gba, kò ní sí ìyàtọ̀ kankan láàrin ẹ̀ka méjèèjì, òdo ni sákíìtì á kà. Tí ọ̀kan bá nà, ìyàtọ̀ á yọ, sákíìtì á sì sọ kékeré náà di ńlá. Tí ooru bá mú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń mú, wọ́n á jọ yí padà, òdo á dúró ní òdo. Mo fẹ́ràn sákíìtì yìí gan-an, nítorí kò ka ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó yí padà nìkan ló ń kà. Irú rẹ̀ ló wà nínú òṣùwọ̀n oníbátìrì tí àwọn ẹlẹ́ja dídì fi ń wọn títùs lọ́jà.

Ní 1978, Christopher Herot àti Guy Weinzapfel ní MIT ti fi strain gauge gbé gíláàsì ró níwájú ojú kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ náà mọ ìka tó ń tẹ̀, ó mọ èyí tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì mọ èyí tó ń yí. MacBook tó jáde ní 2015 lo mẹ́rin irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ pátákó ìfọwọ́rìn rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Ó dà bí ẹni mẹ́rin tó gbé tábìlì: tí a bá gbé òkúta lé e, ẹni tí òkúta sún mọ́ ni yóò kọ́kọ́ kérora. Ká ro ẹrù ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, a ó mọ bí títẹ̀ ṣe le tó. Ká wo ẹni tí tirẹ̀ wúwo jù, a ó mọ ibi tí ìka wà. Kò béèrè bóyá ìka yi tàbí ó tutù, ìbọ̀wọ́ kò sì dí i lọ́wọ́. Ká ní irú rẹ̀ wà lábẹ́ POS ọjọ́ yẹn ni, bàbá ì bá ti gba owó rẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé tí ìka bá di méjì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ìka kìíní yàtọ̀ sí ti ìka kejì. Ẹrù kan ni wọ́n mọ̀ pé àwọn gbé.

Piezo náà wà, tí mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Jacques àti Pierre Curie, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ilẹ̀ Faransé, ló rí i ní 1880 pé àwọn òkúta kan wà tó jẹ́ pé tí a bá tẹ̀ wọ́n, iná á yọ lára wọn. Ohun tí a fi ń ṣáná sí gáàsì, tó máa ń dún "ká" kí iná tó là, piezo ni. BlackBerry gbé e sábẹ́ ojú Storm kejì rẹ̀ ní 2009. Àìsàn rẹ̀ ni ìgbàgbé: ìgbà tí títẹ̀ ń yí padà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Tí ìka bá dúró lé e, iná tó kó jọ á rọra jò lọ, á sì dà bí ẹni pé ìka ti kúrò. Rọ́bà tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ náà wà, èyí tí David Lussey ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1996. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, iná á rọ́nà kọjá. Ó dára fún bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ojú kì í rí òdìkejì rẹ̀, ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀.

Èyí tó wọ àpò aráyé ni ti kapásítọ̀. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó: pẹlẹbẹ méjì tó kọjú síra tí wọn kò fara kanra. Bí wọ́n bá ṣe sún mọ́ra tó ni iná tí wọ́n lè gbà dúró ṣe ń pọ̀ tó. Tí àlàfo bá dín sí ìdajì, ohun tí wọ́n gbà á di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ títẹ̀ kò ní ju kó fi gíláàsì ṣe pẹlẹbẹ kan, kó fi nǹkan mìíràn ṣe èkejì, kó máa wọn àlàfo.

Ọdún 2015 ni gbogbo rẹ̀ bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Apple Watch jáde ní oṣù kẹrin pẹ̀lú títẹ̀ líle. Ní oṣù kẹsàn-án, Huawei gbé Mate S jáde ní Berlin, wọ́n gbé ọsàn lé ojú rẹ̀ níwájú èrò, fóònù náà sì wọ̀n ọ́n. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, Apple gbé iPhone 6s jáde, ó pe tirẹ̀ ní 3D Touch.

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà jókòó lọ́jọ́ tó ń tú ojú 6s kan tó ti fọ́. Ó ṣí i ní awẹ́-awẹ́ bí ẹni ń bó àlùbọ́sà: gíláàsì, ojú LCD fúnra rẹ̀, àwọn ike tó ń pín ìmọ́lẹ̀ kiri. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni awẹ́ kan wà tí wọ́n pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ. Mo kà á: 8 níbùú, 12 lóròó, 96 lápapọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ẹ̀ ń wò yẹn wà nínú ohun tó jẹ́ kí 6s wúwo," ló wí. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. iPhone 6 wọn gíráàmù 129, 6s wọn 143.

Ohun tí àwọn 96 yẹn ń ṣe ni pé nígbà tí ìka bá tẹ gíláàsì, gíláàsì á tẹ̀ wọlé díẹ̀, ìwọ̀n tí kò tó nínípọn irun orí kan. Àlàfo tó wà láàrin rẹ̀ àti onígun mẹ́rin tó wà lábẹ́ ìka á dín, kapásítọ̀ ibẹ̀ á gbà sí i, sákíìtì á sì kà á. Kì í ka gbogbo wọn pọ̀. Ó ń gbà wọ́n ní ìlà-ìlà bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, ó sì ń parí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ má jẹ́ kí ó dà bí ohun tó rọrùn. Ojú tó ń fi àwòrán hàn wà níbẹ̀, àìmọye wáyà inú rẹ̀ ń tan iná, wọ́n ń pa á láì sinmi. Láti ka ìyípadà kapásítọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ nínú ariwo iná yẹn, ó dà bí ẹni fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ọjà lọ́sàn-án gangan. Ọgbọ́n kan tí àwọn oníṣẹ́ ń dá sí i ni kí sákíìtì ka títẹ̀ ní ìsinmi bíńtín tó máa ń wà láàrin àwòrán kan àti èkejì. Ooru náà ń ṣe tirẹ̀: fóònù gbóná, àlàfo yí padà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, sákíìtì gbọ́dọ̀ máa rántí ohun tó ń kà nígbà tí kò sí ìka, kó máa tún un kọ sílẹ̀ látìgbàdégbà, kó sì máa yọ ọ́ kúrò. Ta ni yóò sọ fún un pé kò sí ìka? Awẹ́ òkè ni, èyí tó mọ ìfọwọ́kàn. Awẹ́ òkè ń sọ pé àlejò ti dé, awẹ́ ìsàlẹ̀ ń wọn ẹrù àlejò. Gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í sì í tẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Àárín rẹ̀ a máa wọlé dáadáa, etí rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù dì mú kì í fẹ́ yẹ̀. Títẹ̀ kan náà á di ọ̀tọ̀ ní àárín, á di ọ̀tọ̀ ní etí, àfi kí sákíìtì mọ iye tó yẹ kó fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá pààrọ̀ ojú irú fóònù bẹ́ẹ̀ sí olówó pọ́ọ́kú tí kò ní awẹ́ ẹ̀yìn yẹn, ìfọwọ́kàn á ṣiṣẹ́ geere, títẹ̀ á sì kú pátápátá.

Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́dún 2015 kan náà, àwọn ọ̀dọ́ kan kọ áàpù tí wọ́n pè ní Gravity, tó sọ 6s di òṣùwọ̀n. Ṣíbí onírin ni wọ́n ní kí èèyàn gbé lé ojú fóònù, kó wá kó ohun tó fẹ́ wọ̀n sínú rẹ̀, nítorí awẹ́ òkè kò ní gbà pé nǹkan kàn án tí nǹkan náà kò bá lè gbé iná. Apple kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n fi áàpù náà síta.

Àwọn fóònù tí kò ní sẹ́ńsọ̀ náà kò dákẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Android ti ní àyè tí áàpù ti lè béèrè bí títẹ̀ ṣe le tó. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àfojúbù ni ìdáhùn rẹ̀: tí ìka bá tẹ̀, ẹran orí rẹ̀ á fẹ̀, fóònù á sì fi fífẹ̀ náà sọ pé títẹ̀ le. Àtàǹpàkò àgbàlagbà tó kàn fara kàn án á wá dà bí ìka ọmọdé tó ń tẹ̀ ẹ́ tokuntokun. Mi ò ka ìyẹn sí títẹ̀.

iPhone XR jáde ní 2018 láìsí 3D Touch. Ní 2019, kò sí i lára iPhone 11 kankan. Ní 2020, ó kúrò lára Apple Watch pẹ̀lú. Wọ́n fi ìtẹ̀pẹ́ rọ́pò rẹ̀: gbé ìka lé e, kí o dúró. Àkókò gba ipò agbára. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé ìwúwo àti owó ló pa á, mo gbà pé wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, àìsí àmì ló pa á. Kò sí ohun kan lójú fóònù tó sọ pé ibí yìí ṣeé tẹ̀, ibí yẹn kò ṣeé tẹ̀. iPad kò ní i rí, nítorí náà àwọn tó ń kọ áàpù kò lè fi nǹkan gidi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Onígángan mọ ọsán lábẹ́ apá rẹ̀, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ èrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní 6s kò rí ọsán, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lo fóònù náà títí ó fi bàjẹ́ láì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Níbi tí títẹ̀ ti ní iṣẹ́ tó hàn gbangba, kò kú. Pátákó MacBook ṣì ń ṣe é. Gíláàsì ibẹ̀ kì í wọlé, mọ́tò kékeré kan ló ń gbọ̀n ọ́n tí ìka fi rò pé òun tẹ bọ́tìnnì. Bíírò Wacom ti Japan, tí kò ní bátìrì, ń mọ títẹ̀ nípa wáyà kíká inú rẹ̀ tó ń dá pátákó lóhùn: tí ẹnu bíírò bá wọlé, ohùn á yí padà. Galaxy Note àkọ́kọ́ ní 2011 mọ ìpele 256. Àwọn bíírò kan ti ń ka 8,192 báyìí, ẹni tó bá ń fi wọ́n ya àwòrán sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú bí ìlà ṣe ń sanra tó sì ń tín-ín-rín. Ní Stanford, Zhenan Bao àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ́bà onígun ṣóńṣó sáàrin pẹlẹbẹ kapásítọ̀ ní 2010, ó sì mọ ìwúwo eṣinṣin. Ní 2024, iPhone 16 gbé sẹ́ńsọ̀ títẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ fóònù fún yíya fọ́tò. Kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ló padà sí, nítorí àwọn oníkámẹ́rà ti mọ títẹ̀-díẹ̀ àti títẹ̀-délẹ̀ tipẹ́: díẹ̀, kí ojú kámẹ́rà mú, délẹ̀, kí fọ́tò yọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò jìnnà síyẹn. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá lórí fóònù mọ̀ pé ìtẹ̀pẹ́ ló ń fún wa ní àmì ohùn. Èèyàn á gbé ìka lé lẹ́tà a, á dúró kí àwọn ìkejì rẹ̀ tò jáde, á wá fa ìka lọ sórí èyí tó fẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń jáde lọ́kàn, ìdúró yẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa pa àmì tì. Gonzalo Ramos àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto ti fi hàn ní 2004 pé tí ẹni tó di bíírò mú bá ń rí ibi tí títẹ̀ rẹ̀ dé lójú ẹ̀rọ, ó lè ya ìpele bíi mẹ́fà sọ́tọ̀. Ohùn mẹ́ta ni tiwa. Kí ìka kan lẹ́tà wẹ́rẹ́ kó jẹ́ àárín, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó jẹ́ ìsàlẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ le kó jẹ́ òkè, kí àmì náà sì yọ lórí lẹ́tà bí ìka ṣe ń wúwo sí i, kí ẹni tó ń kọ̀wé lè rí i kó tó gbé ọwọ́ kúrò.